Ẹrù Ló Gba Yàrá, Kì í Ṣe Èèyàn

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá sórí pátákó ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ ibi tí gbogbo wa ń sùn sí: bí a ṣe lè to yàrá kékeré kí ó gbà wá, kí ó sì dùn ún wò, láìná owó púpọ̀. Kí ẹ̀yin ọkùnrin tó ń kà á má sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìyí o. Ẹni tó bá ń sùn nínú ilé ló ni ọ̀rọ̀ ilé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ẹ̀kọ́ yìí fi kàn wá ní Ayétòrò ju ibòmíràn lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìlú wa sílẹ̀ ní ọdún 1947, omi la ń bá gbé. Iwájú wa òkun, ẹ̀yìn wa omi àti ẹrẹ̀. Orí òpó la kọ́ ilé pákó wa lé, orí afárá pákó la sì ń gbà lọ sọ́dọ̀ ara wa. Ọ̀pọ̀ ọdún nìyí tí òkun ti ń jẹ etí ìlú wọlé. Ilé tó wà lẹ́yìn lọ́jọ́sí ti di ilé iwájú báyìí, èyí tó wà níwájú sì ti bómi lọ. Ẹni tí omi bá gba ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí ló máa ń lọ. Ìdí nìyí tí yàrá tó gba ẹni mẹ́rin tẹ́lẹ̀ fi ń gba ẹni méje.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé wa. Èmi, àbúrò mi, ìyá mi àti màmá àgbà la jọ ń sùn nínú yàrá kan. Nígbà tí omi gbé ilé àǹtí wa lọ, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì kó wá bá wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àǹtí ní yàrá yìí ò lè gbà wá, àwọn yóò wábi lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá. Bí wọ́n bá lọ, àwọn ọmọ méjèèjì á fi ilé ìwé yìí sílẹ̀ láàárín ọdún, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ń múra ìdánwò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi wá tépù.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: Ẹ WỌN YÀRÁ KÍ Ẹ TÓ SỌ PÉ KÒ GBÀ YÍN

Yàrá wa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìṣirò, 10 lọ́nà 12 jẹ́ 120. Ilẹ̀ yàrá wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 120 nìyẹn. Fóòmù màmá àgbà jẹ́ 6 sí 4½, ìyẹn 27. Òun àti ọmọ àǹtí tó kéré jù ló ń sùn lé e. Ó ku ẹni márùn-ún. Ẹní mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 6 sí 4 tó fún wọn, ìyẹn 72. Ẹ ṣírò 27 mọ́ 72, ó di 99. Ó ṣẹ́ ku 21.

Kí ẹnì kan má sọ pé orí ìwé nìkan ló ti rí bẹ́ẹ̀, mo yà á sórí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Tí fóòmù bá fara ti ògiri kan, ẹní kìíní á wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan náà. Ẹní kejì àti ẹ̀kẹta á tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú sí i. Ọ̀nà tóóró kan á kù láàárín, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, èèyàn lè gbà á jáde lóru láìtẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.

Kí ló wá dé tí kò fi gbà wá? Ẹrù ni! Báàgì Ghana-must-go mẹ́rin, agbọ̀n ẹja, àwọ̀n tó ti ya, ìkòkò, kẹ́ẹ̀gì, bàtà, gbogbo wọn ló jókòó sílẹ̀ bí onílé. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ìfẹ́ bá wà, ogún èèyàn lè sùn nínú yàrá kótópó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹrù ogún èèyàn kò lè sùn pẹ̀lú wọn níbẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: Ẹ ṢA ẸRÙ SỌ́NÀ MẸ́TA

Ẹ kó gbogbo ẹrù jáde sórí pákó iwájú ilé lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Ohun tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ lọ́tọ̀. Ohun tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí aṣọ òde àti ìkòkò àríyá. Ohun tí ẹ kò lò mọ́ lọ́tọ̀. Èyí ìkẹyìn yìí ni wàhálà, torí kò sóhun tí àgbàlagbà kò ní sọ pé ó máa wúlò lọ́la. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn bi wọ́n pé, “Màmá, ta la lè fún?” Bí ohun tí kò wúlò fún wa bá bá ẹlòmíràn lọ, inú màmá àgbà á dùn, bí a bá ní ká dà á nù, ó di ìjà.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: Ẹ GBÉ ẸRÙ KÚRÒ NÍLẸ̀

Mo ní ilẹ̀ wa jẹ́ 120. Ẹ jẹ́ ká wo ògiri. Ẹ ro igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: 10, 12, 10, 12, ó di 44. Ògiri wa ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8. 44 lọ́nà 8 jẹ́ 352. Ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó ṣì lé ní 300. Ṣé ẹ rí i? Àyè tó wà lára ògiri ju ìlọ́po méjì àyè tó wà nílẹ̀ lọ, òfìfo ló sì wà.

Àwọn kan ti mọ èyí tipẹ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń pè wọ́n ní Shakers. Ìjọ kan ni wọ́n, wọ́n kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1774 pẹ̀lú obìnrin kan tó ń jẹ́ Ann Lee. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ohun ìní wọn sì jẹ́ ti gbogbo wọn, bí àwọn bàbá àti ìyá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ìlú yìí gan-an. Ohun tí Shakers ń ṣe nínú yàrá ni pé wọ́n kan igi gbọọrọ kan mọ́ ògiri yíká, wọ́n wá gbin èèkàn kéékèèké sára rẹ̀. Fìlà, aṣọ, ìgbálẹ̀, títí kan àga, orí èèkàn ni wọ́n ń gbé e kọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ gbálẹ̀, wọ́n á gbé àga kọ́ sókè, ilẹ̀ á sì mọ́ láìsí ìdíwọ́.

Àwa náà lè ṣe é. Ẹ lọ bá àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ẹ tọrọ àkékù pákó. Ẹ gé igi líle sí èèkàn dípò ìṣó, torí afẹ́fẹ́ òkun tó níyọ̀ kì í jẹ́ kí ìṣó lásán pẹ́ kó tó dípẹtà, ìpẹtà yẹn á sì ba aṣọ funfun ilé ìwé jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo ìṣó, èyí tí wọ́n fi zinc bò ni kí ẹ wá. Ẹ má sì kàn án mọ́ pákó ògiri tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fọwọ́ gbá ògiri: ibi tó bá ń dún gbangba kò ní igi lẹ́yìn, ibi tí ohùn rẹ̀ bá kì, igi férémù ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kàn án mọ́.

Àwọ̀n tó ti ya náà wúlò. Ẹ gé e, ẹ fi okùn so ó mọ́ igun yàrá lókè, kí ó rọ̀ wálẹ̀ bí àpò. Ike, bọ́ọ̀lù àti aṣọ tí a ká lè wà nínú rẹ̀. Atẹ́gùn á máa gba inú ihò rẹ̀ kọjá, nítorí náà aṣọ kò ní rùn bí èyí tó wà nínú báàgì tí a dè pa.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: KÍ OHUN KAN MÁA ṢE IṢẸ́ MÉJÌ

Ní Japan, ọ̀pọ̀ èèyàn a máa tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ lálẹ́, wọ́n á ká a ní òwúrọ̀, wọ́n á gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Yàrá tí wọ́n sùn lóru á di pálọ̀ lọ́sàn-án. Kí ni tuntun nínú ìyẹn fún ọmọ Ìlàjẹ? Ẹní ni! Àwọn ìyá wa tó ń hun ẹní ti mọ ọgbọ́n yìí. Àwa la lọ ń ra bẹ́ẹ̀dì ńlá tó jókòó sójú kan tọ̀sán-tòru. Ẹ ká ẹní lówùúrọ̀, ẹ gbé e dúró sí igun kan. Ẹ máa sá a lóòrùn o, torí ọ̀rinrin tó ń ti abẹ́ pákó wá lè mú kó bu.

Àpótí ẹrù náà lè di ìjókòó, bí ẹ bá fi ègé fóòmù àti àjákù ankara bò ó lórí. Tábìlì ìkàwé ńkọ́? Pákó kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, tó gùn ní 3, tó. Ẹ fi ọ̀já rọ́bà tí ẹ gé lára táyà àlòkù kan ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ igi ògiri, kí ó lè máa ṣí kí ó sì máa pa dé. Ẹ so okùn méjì láti igun iwájú rẹ̀ lọ sókè ògiri kí ó má bàa já wálẹ̀. Tí ẹ bá kàwé tán, ẹ tú okùn, pákó á fara lé ògiri. Rọ́bà kì í dípẹtà. Lórí irú pákó yẹn ni mo ti kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: Ọ̀ṢỌ́

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn ẹwà, ó ti kàn yín. Yàrá tó ṣókùnkùn máa ń dà bíi pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹ kun òkè àjà àti ògiri tó kọjú sí fèrèsé ní ọ̀dà funfun. Ìyókù ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọkọ̀ lè tó. Ẹ gbé dígí kọ́ sí òdìkejì fèrèsé kí ó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sínú yàrá. Ẹ mú kọ́tìnì aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ fi okùn ta á sáàárín yàrá, kí àwọn obìnrin lè rí ibi pààrọ̀ aṣọ láìlé ọkùnrin síta. Àǹtí wa ló mú àbá kọ́tìnì yìí wá. Ó gba ègé aṣọ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ télọ̀, ó rán wọn pọ̀, àwọ̀ wọn kò bára mu rárá, síbẹ̀ òun ló dára jù nínú yàrá wa.

Ẹ̀KỌ́ KẸFÀ: KÍ Ó ṢEÉ GBÉ

Ìyàtọ̀ wa sí àwọn ará ìlú ńlá rèé. Tiwa kò parí sí kí yàrá dára. Bí omi bá dé lóru, kí lẹ máa kọ́kọ́ gbé? Ẹ kó ìwé ẹ̀rí ìbí, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, fọ́tò ẹbí àti oògùn àwọn àgbà sínú ike onídèérí tí omi kò lè wọ̀. Ẹ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí ó ga tó àyà yín. Kí gbogbo ẹni tó wà nílé, títí kan ọmọdé, mọ ibẹ̀. Pẹpẹ ìwé náà kò gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀. Pẹpẹ tí a fi okùn so dára, torí èèyàn lè tú u kó sì gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kó owó lé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí ọkùnrin mẹ́rin ò lè gbé.

Ìkìlọ̀ kan: kẹ́ẹ̀gì epo pẹtiróòlù tí a fi ń wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ yàrá, bó ti wù kó jẹ́ pé àyè wà. Ilé pákó, kọ́tìnì aṣọ àti epo, ẹ̀yin náà mọ ohun tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni kí àbẹ́là jìnnà sí kọ́tìnì.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni gbogbo èyí gbà wá, Sátidé àti Sọ́ńdè. Ìṣó, okùn àti ike onídèérí la fowó rà. Ìyókù, a tọrọ rẹ̀ ni. Ní alẹ́ Sọ́ńdè yẹn, ẹní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé bí mo ṣe yà á. Àǹtí wo ilẹ̀ títí, ó ní, “Ṣé ibí yìí náà nìyí?” Kò sọ̀rọ̀ Ìgbọ́kọ̀dá mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nílé ìwé yìí, wọ́n lè máa ka pátákó yìí báyìí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yàrá rẹ̀, kí ó ya ibi tí ibùsùn, ẹrù àti ilẹ̀kùn wà, kí ó sì kọ iye èèyàn tó ń sùn níbẹ̀ sí i. Ẹ má kọ orúkọ yín sí i bí ẹ kò bá fẹ́. Ẹ mú un wá fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. A ó jọ wò ó, a ó jọ wá ibi tí ẹ lè tẹ́ ẹní kan sí i. Nínú ìlú yìí, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa nílò ẹní yẹn lọ́la.