Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Káàdì Cowry Wọ Ọkọ̀ ní Èkó

Ẹni tó bá ń wọ dánfó mọ wàhálà ṣénjì. Kọ̀ndọ́ á so èèyàn mẹ́ta pọ̀ mọ́ owó bébà kan, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ tán kí wọ́n tó máa wá ẹni tó máa bá wọn ṣẹ́ ẹ. Káàdì Cowry ti mú ìyẹn kúrò nínú bọ́ọ̀sì BRT. Owó ẹyọ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Káàdì yìí kan náà lẹ máa lò nínú rélùwéè Blue Line, tó ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àti Red Line, tó ń ná Àgbádó sí Oyìngbò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024.

1. Ẹ ra káàdì. Ẹ rà á ní ibùdókọ̀ ńlá tàbí ní ibùdó rélùwéè. Kí ẹ tó lò ó, ẹ so ó mọ́ nọ́ńbà fóònù yín lórí áàpù Cowry. Bí káàdì tí kò lórúkọ ẹnikẹ́ni bá sọnù, owó inú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn.

2. Ẹ fowó sí i. Ẹ lè fún aṣojú Cowry lówó ní ibùdókọ̀, ẹ sì lè lo áàpù. Ẹ ṣe é lálẹ́, torí pé èrò máa ń tò lọ́dọ̀ aṣojú láàárọ̀. Owó àlọ àti àbọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ aṣojú ni, ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi fojú ara yín rí iye tó wà nínú káàdì.

3. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń wọlé. Ẹ̀rọ tó ń ka káàdì wà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ẹ gbé káàdì lé ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ dúró títí yóò fi dún. Ẹ yọ káàdì kúrò nínú pọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó gbé e lé e: bí káàdì báǹkì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ lè má mọ èyí tó máa kà. Bí kò bá gbà, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹlòmíràn lè kọjá.

4. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń sọ̀. Ibí yìí ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí ẹ wọlé, ẹ̀rọ ò mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ìgbà tí ẹ bá tẹ káàdì lẹ́ẹ̀kejì ló máa tó mọ bí ọ̀nà yín ṣe jìn tó, iye ibi tí ẹ dé gan-an ló sì máa gbà. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí TBS (Tafawa Balewa Square) ní Ìkòròdú, tó sọ̀ ní Kétu láìtẹ káàdì, owó TBS ló san yẹn. Ní ibùdó rélùwéè, géètì ò ní ṣí bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò ní dá yín dúró, nítorí náà ẹ mú káàdì lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó dúró.

5. Bí wọ́n bá yọ owó ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà, àkókò, àti ibi tí ẹ ti wọlé àti ibi tí ẹ ti sọ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n máa bi yín nìyẹn bí ẹ bá lọ fẹjọ́ sùn.

Bí ìyá tàbí bàbá yín tó ti dàgbà bá ń wọ bọ́ọ̀sì yìí, ẹ ra káàdì tiwọn fún wọn. Ẹ bá wọn lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sọ̀ hàn wọ́n.