Ibùsùn Inú Ọkọ̀ Ojú Omi: Gbígbẹ Ló Ṣáájú Rírọ̀



Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí wà fún àwọn ìdílé tí wọ́n ń sùn sínú ọkọ̀ ojú omi: àwọn apẹja ojú ọ̀sà, láti Èpé títí dé etíkun Ìlàjẹ, tí ilẹ̀ ń ṣú bá lórí omi, àti àwọn òbí tí wọ́n ń gbé ọmọ rin ìrìn àjò òru. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé fóòmù tí ó rọ̀ jù ni ó dára jù. Lórí omi, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùsùn tí ó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ni ó ń fún ara ní ìsinmi.

Ibi tí omi ń gbà wọ ibùsùn

Kì í ṣe ìgbì nìkan ni ó ń mú ibùsùn tutù. Ẹni tí ó sùn ń làágùn. Ọ̀rinrin ara rẹ̀ ń gba inú fóòmù sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi kan pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí omi ti mú tutù. Níbẹ̀ ni yóò ti di omi, bí ooru ọbẹ̀ ṣe ń di omi lábẹ́ ìdérí ìkòkò. Òkè fóòmù lè gbẹ, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti rin gbindin. Láìpẹ́, abẹ́ náà yóò bu, yóò ní àmì dúdú tótòtó, yóò sì máa rùn. Ẹni tí ó bá ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ símú lálaalẹ́ lè máa sín, kí ó máa húkọ́. Ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée.

Ohun tí a ó tẹ́

1. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ to pákó tínínrín tàbí ọparun, kí ẹ fi àlàfo sáàárín wọn, kí fóòmù má bàa fara kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

2. Fóòmù tí ó nípọn tó íǹṣì 3 tàbí 4, tí ó sì le díẹ̀, ti tó. Lọ́jà, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá kan ilẹ̀, egungun ìbàdí náà yóò kàn án lóru. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká fóòmù lè tẹ́ ẹní ọ̀rá méjì lé ara wọn. Ó rọrùn láti fọ̀, kì í sì í mu omi.

3. Ẹ fi aṣọ òwú tí ó ṣeé yọ fọ̀ bo fóòmù. Bí ọmọ bá tọ̀ sí i, ẹ ó lè tètè fọ̀ ọ́ mọ́, nítorí pé nínú ọkọ̀ kékeré, ibi tí a sùn náà ni a sábà máa ń kírun sí. Bí omi iyọ̀ bá ta sí aṣọ náà, oòrùn nìkan kò tó: iyọ̀ tí ó kù lára rẹ̀ yóò tún máa fa ọ̀rinrin. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án.

4. Láràárọ̀, ẹ gbé fóòmù nàró kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ẹ má ká a ní tútù.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí á gbọn ibùsùn kí á tó dùbúlẹ̀, nítorí a kò mọ ohun tí ó ti wọ orí rẹ̀ lẹ́yìn wa. Nínú ọkọ̀ apẹja, ó lè jẹ́ ìwọ̀ tàbí egungun ẹja.

Ohun tí ó lè pa ènìyàn lójú oorun

Ẹ má fi tàpólì bo ọkọ̀ pa kí ẹ sì gbé èédú tó ń jó tàbí jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Ẹni tí ó ti sùn lè má jí mọ́. Ooru bẹntiróòlù pẹ̀lú wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí orí wa wà, ni ó ń kó jọ sí. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo jìnnà sí ibùsùn. Nígbà tí ilé kan jó mọ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lóru ní Madinah, Ànábì pàṣẹ pé kí á máa pa iná kí á tó sùn.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tẹ́ ẹ, lórí ibi tí ó le, tí ó sì tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí. Fóòmù rírọ̀ lè dí i nímú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí etí ọkọ̀ tí kò ní ìdènà. Ànábì kìlọ̀ nípa sísùn sórí òrùlé tí kò ní ìgànná. Omi kò yàtọ̀.

Ìbéèrè fún ìdílé

1. Kí ni ó ń mú abẹ́ fóòmù rin nígbà tí òjò kò rọ̀?
2. Kí ló dé tí a fi ń fi omi tí kò níyọ̀ ṣan aṣọ?
3. Níbo ni kẹ́ẹ̀gì epo wà nínú ọkọ̀ tiwa?

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Āmīn.