A Kó O Jọ Ni, Àbí A Tò Ó?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fi bíríkì LEGO ojú kọ̀ǹpútà ṣe dáńfó. Ara yẹ́lò, ìlà dúdú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ariwo kọ́ńdọ̀ nìkan ló kù. Ó pè mí: “Àǹtí, ẹ wá wò ó, mo ti kó gbogbo ẹ̀ jọ.” Mọ́tò náà dára. “Kó jọ” yẹn ni kò dùn létí mi.

Pàǹtí là ń kó jọ. Àgbàdo tí a sá síta náà, bí òjò bá ṣú, eré la fi ń kó o jọ, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè èyí tó wà lókè. Ṣùgbọ́n ẹ wo alátà tó ń to tòmátì sórí àtẹ: mẹ́rin nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí, èyí tó pọ́n jù kọjú síta. Ìyẹn ni títò, òun náà sì ni ọmọ yìí ṣe. Ẹ kíyè sí àmì ohùn: a ń tò ó, àmọ́ a ń to bíríkì, ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. “Kó” kì í yí ní tirẹ̀. Ní ti “kọ́”, mo fi í sílẹ̀ fún bírikìlà. Ohun tí bírikìlà bá kọ́, àfi ká wó o. Ohun tí a tò, a lè tú u. (Ilé náà máa ń tú o, àmọ́ nígbà yẹn kì í ṣe ògiri là ń sọ, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ló fọ́n ká.)

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló gba àkókò wa jù. Táyà, ríìmù, àti ọ̀pá kékeré tó mú wọn mọ́ ara ọkọ̀: ẹ̀yà mẹ́ta. Ọmọ náà tò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fún àtòpọ̀ náà lórúkọ, ó sì ní òun “dà á kọ” sí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe dídàkọ rárá. Nínú LDraw, ìlànà bíríkì LEGO ojú kọ̀ǹpútà tí James Jessiman ará Ọsirélíà gbé jáde ní 1995, ìlà kan péré ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní: òǹkà 1 ló ṣáájú, àwọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ibi tó wà àti ibi tó kọjú sí, orúkọ ló kẹ́yìn. Ṣe la pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ẹ bá pààrọ̀ ríìmù níbi tí ẹ ti tò ó, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á yí padà. Ẹni tó bá ti da nọ́ńbà fóònù ẹlòmíì kọ sínú ìwé mẹ́rin, tí olúwarẹ̀ wá pààrọ̀ nọ́ńbà, mọ ìyàtọ̀ tí mò ń sọ.

Kí la wá máa pe irú àtòpọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi fara mọ́ “ìdì”. Ìyá eléwé á kọ́kọ́ to ewé móínmóín léra kó tó dì í, tó bá sì ti dì í tán, ẹ̀ẹ̀kan náà la ń gbé e. Kí ẹ ṣáà fi ohùn sí i dáadáa: idì ń fò, ìdí la fi ń jókòó.

Orúkọ ìdì ló kù. “Tuntun”, “tuntun2”, “tuntun gan-an” ni ọmọ náà kọ. Mo ní kó kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu: ẹsẹ̀ dáńfó, ẹsẹ̀ tírélà, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nínú àpólà-orúkọ tiwa, orí ló ń ṣáájú, ẹ̀yán á tẹ̀ lé e. Bí kọ̀ǹpútà bá tò wọ́n ní a-b-d, gbogbo ẹsẹ̀ á wà lójú kan. Gẹ̀ẹ́sì a máa ti ẹ̀yán síwájú, dáńfó á lọ sí D, tírélà á lọ sí T. Ẹ sì wo orúkọ ẹ̀yà nínú LDraw: “Brick 2 x 4” ni wọ́n kọ, wọn kò kọ “2 x 4 Brick”. Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá jókòó bíi Yorùbá.

Ọmọ náà tún àwọn ìdì rẹ̀ sọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjókòó awakọ̀. Ìjókòó èrò. “Àǹtí, ìjókòó kọ́ńdọ̀ ńkọ́?” Mo ní kó má wulẹ̀ tò ó, ẹnu ọ̀nà ni kọ́ńdọ̀ ń rọ̀ mọ́.