Ẹ Jẹ́ Kí Á Tọ́ Olùkọ́ fún Ọmọ Òrukàn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun náà jẹ́ ọmọ òrukàn.

Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí ìbéèrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bi wá: "Owó ilé-ìwé ọmọ òrukàn ni a dá, kí ló dé tí ẹ ń sọ̀rọ̀ olùkọ́?"

Ọmọ kan wà lábẹ́ ìtọ́jú wa ní Ọ̀fà níbí tí ó máa ń sùn ní kíláàsì. Wọ́n nà án, wọ́n pè é ní ọ̀lẹ. Nígbà tí tíṣà tuntun kan dé, ẹni tí kò ní bàbá láti kékeré, ó kọ́kọ́ bi í léèrè bí ó ṣe sùn lálẹ́. Ìgbà náà ni a mọ̀ pé ìdájí ni ọmọ náà ń jí bá ìyá àgbà rẹ̀ din àkàrà. A ti san owó rẹ̀ fún odidi ọdún kan, a kò mọ̀. A wá ẹni tí yóò máa ran ìyá àgbà lọ́wọ́, ọmọ náà sì jí sí ìwé rẹ̀. Ẹgba kò ṣe é, ìbéèrè ló ṣe é.

Lẹ́yìn ogun Bádírì, ní ọdún kejì Híjírà (624), Ànábì ní kí àwọn ìgbèkùn tí ó mọ̀wé tí kò sì ní owó ìràpadà kọ́ àwọn ọmọ Mọ̀dínà ní ìwé, kí wọ́n fi gba òmìnira. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n ní ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí olùkọ́ ti níye lórí tó!

Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1896 ni ìjọ CMS dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti tọ́ olùkọ́. Ọdún náà gan-an ni ìjọba ṣí ilé-ìwé Mùsùlùmí ní Èkó. Àwa rí ilé-ìwé, wọ́n rí olùkọ́. Nítorí irú àlàfo yìí ni àwọn bàbá wa fi dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, tí Sheikh Kamaludeen Al-Adabiyy sì dá Ansarul-Islam sílẹ̀ ní Ìlọrin.

Lónìí, NCE ni ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù fún olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-kéwú, opó tí ó ṣì lè kàwé, ọmọ Fúlàní inú gáà àti ọmọ òrukàn tí ó ti dàgbà ní ọgbọ́n iṣẹ́ yìí, wọn kò ní ìwé-ẹ̀rí náà. College of Education, Oro, kò jìnnà sí wa. National Teachers' Institute ti Kàdúná, tí a dá sílẹ̀ ní 1976, sì wà fún ẹni tí kò lè fi ilé sílẹ̀.

Ṣé Sàká tọ́ sí i? Súrà At-Tawbah, àáyá 60, ka irú ènìyàn mẹ́jọ tí Sàká wà fún. Àwọn onímọ̀ yapa lórí bóyá owó oṣù olùkọ́ àti ilé kíkọ́ wọ inú "ojú ọ̀nà Ọlọ́hun", nítorí náà sàárà ni kí á máa fi ṣe ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n aláìní ní ẹ̀tọ́ sí Sàká nítorí àìní rẹ̀. Ní ọ̀nà Imam Maliki, ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó ọdún kan wà lára wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni a ó fi í sí, yóò sì fi kọ́ iṣẹ́.

Ohun mẹ́ta ni kí á fi kọ́ wọn kún ti ìwé: kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó jẹ ọmọ níyà, kí wọ́n mọ ilé ọmọ, kí wọ́n sì bo àṣírí rẹ̀.

Ìjàkadì ni wọ́n fi mọ Ọ̀fà. Ẹ jẹ́ kí á bá àìmọ̀wé jà á. Ẹni tí ó bá mọ irú àwọn ẹni wọ̀nyí ní àdúgbò rẹ̀, kí ó mú un wá. Kí Ọlọ́hun gba Sàká wa, kí ó fi àlùbáríkà sí ọrọ̀ wa. Aamiin.