Kí O Tó Ra Ẹ̀rọ Júùsì Yẹn

Ìjẹ̀bú-Òde

Bísọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọ̀wọ́n,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn pé o bi mí kí o tó náwó. O ní ilé ìdárayá rẹ ní Ṣúrùlérè ti pé ọdún mẹ́ta, pé àwọn oníbàárà ń béèrè ohun tútù tí wọ́n máa mu bí wọ́n bá ṣe tán, àti pé ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ júùsì ńlá kan fún ọ ní ẹ̀dínwó. O fẹ́ mọ ohun tí mo rí sí i.

Mo ní kí o ṣe é. Ṣùgbọ́n má ṣe é bí o ṣe là á kalẹ̀ nínú ìwé yẹn. O mọ̀ pé ọdún 29 ni mo fi ṣe iṣẹ́ wolé-wolé kí n tó fẹ̀yìn tì. O sì mọ̀ pé ọsàn ni Ìyá Ọlọ́sàn, ìyàwó mi, tà ní Kétu títí ọlọ́jọ́ fi dé, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn ilé onílé, àti ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ mọ̀ nípa èso, ni mo fẹ́ pa pọ̀ fún ọ.

O kọ ọ́ pé Jack LaLanne, ará Amẹ́ríkà yẹn, ti ní ibi tí wọ́n ti ń ta júùsì nínú ilé ìdárayá tó ṣí ní Oakland ní 1936, pé kì í ṣe nǹkan tuntun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wo ohun tó gbé ọkùnrin náà débẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ṣúgà ti sọ òun di ẹrú nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó gbọ́ àsọyé Paul Bragg, tó sì yí oúnjẹ rẹ̀ padà pátápátá. Ẹni ọdún 96 ni nígbà tó kú ní 2011. Nítorí pé ó ń sá fún ṣúgà ni júùsì ṣe wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Oríṣi júùsì 14 ni mo kà nínú ìwé tí o fi ránṣẹ́, mo sì rí ṣúgà, mílíìkì inú agolo tàbí omi ṣúgà aláwọ̀ nínú mẹ́sàn-án. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já.

Àbẹ̀kẹ́, àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ ń sanwó kí ara wọn lè fúyẹ́. Ẹni tó bá fi ìdajì wákàtí rìn kíákíá lórí ẹ̀rọ ìrìn yẹn, nǹkan bí 150 kálórì ló máa jó. Ìdajì lítà omi ọsàn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣúgà kàn, ní nǹkan bí 220 nínú. Kọ́ọ̀pù kan péré ti gba gbogbo ohun tí òógùn rẹ̀ rà, ó tún gba ẹ̀yáwó lé e. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ nínú ìtọ́sọ́nà wọn pé ṣúgà inú omi èso wà lára èyí tó yẹ kí ènìyàn dín kù, pé kì í ṣe èyí tí a fi ṣíbí bù nìkan. Èmi kò bá wọn jiyàn, nítorí mo ti rí i níwájú àtẹ Ìyá Ọlọ́sàn. Ẹni tó bá jókòó ti ọsàn, tó ń mu ún lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í sábà kọjá méjì. Ẹni tí wọ́n bá fún mẹ́rin sínú kọ́ọ̀pù fún á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, á sì na kọ́ọ̀pù padà.

Nítorí náà, kọ́ọ̀pù kékeré ni kí o fi tà, má jẹ́ kó ju 250 mílílítà lọ. Ṣúgà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, ì báà ṣe fún ẹni tó bẹ̀ ọ́. Èso tó pọ́n kò nílò rẹ̀. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan láti Allada tí èèpo rẹ̀ máa ń tutù bí ewé kódà nígbà tó bá ti pọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kọjá lára rẹ̀, Ìyá Ọlọ́sàn sì máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n bá kọjá, nítorí pé òun mọ bó ṣe dùn tó. Kí ìbẹ́pẹ gígé, bàrà olómi gígé àti ọsàn bíbó wà lórí káńtà rẹ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń jẹ èso fúnra rẹ̀ rí ohun tí ẹ̀rọ máa ń sẹ́ dànù.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun kan fún ọ tí n kì í sábà sọ. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, wọ́n rán mi lọ sí ilé kan tí wọ́n ti ń ta omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó nítòsí ilé-ìwé kan. Ọmọ mọ́kànlá ni ìgbẹ́ gbuuru ti dá dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo wo ọ̀bẹ, mo wo tábìlì, mo wo èékánná àwọn òṣìṣẹ́, n kò rí àbùkù kankan. Mo ti ń palẹ̀ mọ́ kó tó sọ sí mi lọ́kàn láti béèrè ibi tí yìnyín wọn ti ń wá. Kàǹga ẹ̀yìnkùlé ni. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, kò tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sí ṣálángá. Omi tó bá dì kì í pa kòkòrò inú rẹ̀. Kòkòrò náà á dúró síbẹ̀ títí yìnyín á fi yọ́ sínú kọ́ọ̀pù. Èyí tó ń dùn mí títí dòní ni pé èmi gan-an ni mo yẹ ilé yẹn wò ní oṣù méjì ṣáájú, tí mo sì buwọ́ lu ìwé wọn. N kò béèrè ọ̀rọ̀ yìnyín lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà pẹ́ gan-an ní ọsibítù, ìyá rẹ̀ sì wò mí lójú nígbà tí mo lọ kí wọn, kò sọ nǹkan kan.

O rí onígbáméjì tó jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní omi òfìò inú ìgò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ohun tí àwọn fura sí. Ohun tí àwọn ènìyàn ń rà nítorí ìlera ni o. Ní Amẹ́ríkà náà, ní 1996, omi ápù tí wọn kò fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀ mú ẹ̀mí ọmọ kékeré kan lọ, ó sì dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dùbúlẹ̀, kí ìjọba wọn tó gbé òfin líle jáde lórí júùsì ní 2001.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ omi. Omi tí a sè ni kí o fi ṣe yìnyín, nínú fírísà tìrẹ. Má ra ti ìta. Fọ èso lódindi lábẹ́ omi tó ń ṣàn kí ọ̀bẹ tó kàn án, nítorí ohun tó wà lára èèpo ni ọ̀bẹ máa ń kó wọ inú. Omi iyọ̀ tí gbogbo ayé ń rẹ èso sí kò ṣe tó bí wọ́n ṣe rò. Tú bílẹ́ńdà palẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kí o sì yọ rọ́bà tó wà lábẹ́ ọ̀bẹ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ìdọ̀tí tó ti di dúdú nínú ilé àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹni mímọ́. Fíríìjì kò gbọdọ̀ gbóná ju 4 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Júùsì tó bá ṣẹ́ kù lálẹ́, dà á nù. Má mú un dé ọjọ́ kejì, bó ti wù kó dùn ọ́ tó. Ẹni tó ń ṣe é kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gba owó, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irin sílẹ̀. Kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ara kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ìwé rẹ̀ sì wà níbi tí wolé-wolé á ti rí i.

Ní ti ọjà, má rán ọmọdé lọ. Kábáádì tí wọ́n fi ń fipá mú èso pọ́n pọ̀ níta. NAFDAC ti pariwo lórí rẹ̀ títí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ara rẹ̀ pọ́n roro, tí ọrùn rẹ̀ ṣì tutù, tí inú rẹ̀ sì le, Ìyá Ọlọ́sàn kì í fọwọ́ kàn án. Bákan náà, má kọ orúkọ oríṣi 14 sára ògiri. Ọsàn máa ń pọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, máńgòrò á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta. Bí o bá ń lépa ọsàn lẹ́yìn àsìkò rẹ̀, gbogbo èrè rẹ ló máa jẹ. Fi ẹfun kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà lórí igbá sára pátákó, kí o sì máa pa á rẹ́ bí àsìkò bá ti yí.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn, nítorí pé àwọn àgbàlagbà pọ̀ láàárọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ọsàn ńlá tí a ń pè ní gréèpù máa ń bá àwọn oògùn kan jà. Dókítà David Bailey ní Kánádà ló ṣèèṣì rí i, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1989: ó máa ń mú kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó lò ó. Oògùn míràn tún wà bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn kan tí wọ́n fi ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Yọ gréèpù kúrò pátápátá. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, má jẹ́ kí ọmọ káńtà tì wọ́n sí júùsì. Omi lásán ni kí wọ́n rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Má fi owó ọdún tí àwọn ènìyàn san sílẹ̀ ra ẹ̀rọ. Gbèsè lọ́rùn rẹ ni owó yẹn títí ọdún á fi pé. Ẹ̀rọ ìfún-ọsàn onírin tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, bílẹ́ńdà kan tó lágbára àti fíríìjì kan tó fún oṣù mẹ́ta. Kò sí iná tí ẹ̀rọ ńlá yẹn kò ní jẹ, o sì rántí ohun tí iná ọlọ́wọ̀n-ọ́n yẹn, Band A, dà nígbà tí wọ́n gbé e sí 225 náírà fún ẹyọ ìwọ̀n iná kan ní oṣù kẹrin 2024. Bí o bá fẹ́ mọ iye tí wàá ta kọ́ọ̀pù kan, ka ọsàn tó kún un. Mẹ́ta sí mẹ́rin ni, nígbà míràn márùn-ún. Lẹ́yìn náà ka àwọn tó máa jẹrà. Nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ọlọ́sàn máa ń yọ mẹ́wàá sọ́tọ̀ kó tó dá iye lé ìyókù, kò sì bá ọjà jà. Wá ẹnì kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ewúrẹ́ tó máa kó èèpo lọ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé eṣinṣin kì í dúró de ọkọ̀ akólẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgò tí o fẹ́ máa gbé fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, gbé e jù sílẹ̀ ná. Bí ó bá ti wọ inú ìgò, NAFDAC ti di alábàáṣe rẹ nìyẹn, o kò sì tíì ní ọwọ́ tó pọ̀ tó.

Mo ń bọ̀ ní Èkó lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Jẹ́ kí a jọ lọ sí Kétu ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta kí òòrùn tó mú. Àwọn ọ̀rẹ́ Ìyá Ọlọ́sàn ṣì wà ní ìsọ̀ wọn, wọ́n á fi èyí tó dára hàn ọ́. Lẹ́yìn náà, mú mi dé ilé ìdárayá yẹn. Mo fẹ́ rí ibi tí omi rẹ ti ń wá àti ibi tí ṣálángá àwọn aládùúgbò rẹ wà. Má fún ẹlẹ́rọ yẹn ní owó ìdúró kankan kí n tó dé.

Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàbá Ìjẹ̀bú