Ìdí tí àrùn eṣinṣin odò fi ń fọ́ni lójú



Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí ọ̀nà tí àìsàn ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ara. A kò ní sọ̀rọ̀ lórí gbogbo àìsàn. Ẹyọ kan péré ni a ó mú, èyí tí àwa tí a ń gbé ní Okpara, ní ilẹ̀ Sábẹ̀, kò lè sọ pé a kò gbọ́ rí. Òun ni àrùn tí eṣinṣin odò ń kó ràn wá. Ó ń mú kí ara máa yúnni, ó sì ń fọ́ni lójú. Àwọn dókítà ń pè é ní onchocercose. Yíyún rẹ̀ ni àwọn kan ń pè ní inárun.

Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú kò ní bi wá mọ́ pé: «Mo ń ríran dáadáa, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe?»

Okùnfà

Okùnfà àrùn ni ohun tí ó bí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi odò ni ó ń fọ́ ojú. Kì í ṣe omi. Ẹni tí ó bá mu omi odò Okpara lè yàgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n kò lè ti ibẹ̀ kó àrùn yìí. Eṣinṣin dúdú kékeré kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ẹni tó yọ iké, ni ó ń gbé e kiri. Ibi tí omi bá ti ń sáré lórí àpáta ni ó ń yé ẹyin sí. Ọ̀sán ni ó ń jẹ ènìyàn, kì í ṣe òru bí ẹ̀fọn. Nítorí náà, àwọ̀n ẹ̀fọn kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Aran ni eṣinṣin náà ń gbé. Bí ó bá jẹ ẹni tí ó ní àrùn, ó ń fa àwọn ọmọ aran mu láti inú awọ rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, bí ó bá jẹ ẹlòmíràn, ó lè gbé aran náà sí i lára.

Ìgbà ìfarapamọ́

Ẹni tí eṣinṣin jẹ lónìí kò ní mọ nǹkan kan lára lọ́la. Aran ń dàgbà jẹ́jẹ́ lábẹ́ awọ. Ó lè tó ọdún kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Àkókò yìí ni a ń pè ní ìgbà ìfarapamọ́. Ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin àgbàdo sí náà dà bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Inú kókó lábẹ́ awọ ni àwọn ìyá aran ń gbé, pàápàá ní ìbàdí, ní ìhà tàbí ní orí. Wọ́n gùn, wọ́n sì tín-ínrín bí òwú. Wọ́n lè lo ọdún 10 sí 15 láyé. Ọmọ wọn pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ojú lásán kò sì lè rí wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń rìn kiri nínú awọ, àwọn kan sì ń wọ inú ojú. Kò sí èyí tí ó ń lò ju bí ọdún 2 lọ kí ó tó kú.

Ìjà ara

Ibí gan-an ni kókó ẹ̀kọ́ wa wà.

Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹ ń kọ ebè, kò ní pẹ́ tí ojú ibẹ̀ á fi pọ́n, á wú, á gbóná, á sì máa ro yín. Kì í ṣe ẹ̀gún ni ó ń wú. Ara yín ni ó ń jà. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn ọmọ ogun wà tí wọ́n máa ń sáré lọ bá ohun àjèjì. Ìjà yìí dára, òun ni ó ń gbà wá. Ṣùgbọ́n ilé tí ogun bá ti jà kì í wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọmọ aran bá wà láàyè, ó mọ bí a ti ń fara pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun yìí. Bí ó bá kú, àṣírí rẹ̀ tú. Wọ́n á bò ó, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Nínú awọ, ìjà náà ni yíyún tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn lóru. Bí ó bá pẹ́, awọ á nípọn, á hunjọ, ojúgun á sì ní àbàwọ́n funfun.

Ti ojú burú jù. Iwájú ẹyinjú mọ́ gaara bí dígí àtùpà, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé. Ọmọ aran kan kú níbẹ̀, ara jà, àpá kékeré kan kù. Òmíràn kú, àpá mìíràn tún kún un. Bí ẹ bá ń fi yanrìn fọ dígí àtùpà lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ṣé ẹ ó tún rí iná inú rẹ̀? Èéfín ṣeé nù kúrò lára dígí, ṣùgbọ́n ojú ibi tí yanrìn ti ha kò ṣeé nù. Ìjà náà lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí kò fi sí oògùn tí ó lè la ojú tí àrùn yìí ti fọ́. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi jẹ́ pé àgbàlagbà tí ó ti dáko létí odò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sábà ń fọ́ lójú, kì í ṣe ọmọdé.

Àmì

Àmì kan wà tí aláìsàn nìkan ń mọ̀ lára, bí yíyún. Bí kò bá sọ ọ́, nọ́ọ̀sì kò lè mọ̀. Àmì mìíràn wà tí nọ́ọ̀sì lè rí tàbí kí ó fọwọ́ kàn, bí kókó. Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, ẹ má tijú sọ ibi tí ó ń yún yín, ìbáà ṣe ìdí.

Oògùn

Ní ọdún 1974, orílẹ̀-èdè 7 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà para pọ̀ láti bá eṣinṣin náà jà. Tiwa, tí a ń pè ní Dahomey nígbà náà, wà nínú wọn. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi ń da oògùn sínú odò láti pa ìdin rẹ̀. Iṣẹ́ náà parí ní ọdún 2002. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ ọlọ́ràá etí odò tí àwọn ènìyàn ti sá fi sílẹ̀ tún di oko. Ṣùgbọ́n eṣinṣin lè bá afẹ́fẹ́ rìn jìnnà, kò sì mọ ààlà Bénin àti Nàìjíríà.

Oògùn tí ènìyàn ń gbé mì ni Mectizan. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi í tọrẹ, nítorí náà a kì í san owó rẹ̀. Ó ń pa àwọn ọmọ aran, ó sì ń dá ìyá wọn dúró fún oṣù mélòó kan kí ó má bímọ. Kì í pa ìyá. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ìyá aran lè lo ọdún 15. Ẹni tí ó lo oògùn lẹ́ẹ̀kan tí ó jáwọ́ ti fún un láyè láti tún máa bímọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó lọ́dọọdún.

Àwọn kan lò ó, ara yún wọn, ojú wọn wú, wọ́n ní oògùn burú. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí: ọ̀pọ̀ ọmọ aran ni ó kú lẹ́ẹ̀kan náà, ara sì ń jà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó máa ń lọ. Bí ó bá le, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn àtijọ́ kan, Notézine, ń pa wọ́n kíákíá jù. Ìjà náà le débi pé ó lè ba ojú jẹ́. Mectizan ń rọra ṣe tirẹ̀.

Ọ̀pá ni ẹni tí ó ń pín in fi ń wọn gíga yín, kí ó lè mọ iye hóró tí ẹ ó lò, láti orí 1 dé 4. Ọmọ tí kò ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, aboyún, ìyá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó bímọ, àti ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó.

Ẹ jíròrò pẹ̀lú ẹgbẹ́ yín

Kí ni ó ń fa àpá nínú ojú: ọmọ aran tí ó wà láàyè ni, tàbí èyí tí ó kú? Kí ni ẹ ó sọ fún aládùúgbò tí ó ní òun kò lo oògùn mọ́ nítorí pé ojú òun wú? Ta ni nínú ilé yín tí ó wà lóko nígbà tí wọ́n pín oògùn kẹ́yìn, níbo ni ó sì ti lè gbà á?