Ìtọ́jú Àgbàlagbà: “Àgbà Ló Dé” Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Aṣẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò pé ní ọdún 2020, àwọn tó ti pé 60 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ bílíọ̀nù 1 láyé. Ní 2050, wọn yóò tó bílíọ̀nù 2.1, àwọn ilẹ̀ tí kò lówó púpọ̀ bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ wọn yóò sì wà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń lọ sí Èkó àti òkè òkun. Ìwọ ọ̀dọ́ tó kù nílé ni nọ́ọ̀sì wọn.

Ohun tí ẹ̀sìn wí

Nínú Súúrà Isrāʾ, āyà 23, Ọlọ́hun so ṣíṣe dáadáa sí òbí mọ́ ìjọsìn Rẹ̀, Ó sì kọ̀ fún wa láti ṣe ṣíọ̀ lásán sí wọn nígbà tí wọ́n bá dàgbà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ wa mọ èyí. Ṣùgbọ́n Ànábì (SAW) tún kọ́ wa, nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, pé kí á máa wá ìwòsàn, nítorí kò sí àrùn tí kò ní oògùn àfi ogbó. Ẹ kíyè sí i: ogbó ni kò ní oògùn, àìsàn tó ń ṣe arúgbó ní. Ẹni tó bá ń wí pé “àgbà ló dé” sí gbogbo àìsàn ti da méjèèjì pọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí á mọ̀

1. Bí ìyá tó mọ gbogbo wa lánàá kò bá dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ lónìí, ó lè jẹ́ àrùn ọ̀nà ìtọ̀ tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, àìmu omi tó, tàbí oògùn tó ń lò. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ìgbàgbé tó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ náà máa ń wá láti inú àìsàn ọpọlọ. Ẹ má ṣe pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

2. Ẹni tí kò lè dìde, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má bàa dá sí ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e, ẹ má wọ́ ọ. Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ bo ìhòòhò rẹ̀.

3. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà. Ẹ máa fún un ní omi díẹ̀díẹ̀, àfi bí dókítà bá ní kí ó dín in kù.

4. Ìṣubú kan lè dá egungun ìbàdí. Ẹ tan iná lóru, ẹ nu ilẹ̀ balùwẹ̀ gbẹ, kí ó sì kọ́kọ́ jókòó díẹ̀ kí ó tó dìde lórí ibùsùn.

5. Kíndìnrín arúgbó kì í yára ṣiṣẹ́ bíi ti ọ̀dọ́, oògùn a máa pẹ́ lára rẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ àti àgbo rẹ̀ han dókítà.

6. Ẹ ràn án lọ́wọ́ lórí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹni tí kò lè dúró, kí ó kírun ní ìjókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó kí i ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Bí omi yóò bá ṣe é ní jàǹbá, tayamọ́mù wà. Bí ogbó kò bá jẹ́ kí ó lè gba ààwẹ̀ mọ́, kí a bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(i) Àìsàn wo ni a ti ń pè ní “àgbà ló dé” nílé wa?
(ii) Ta ló ń yí arúgbó àdúgbò wa padà lóru? Ta ló lè gbà á fún un lálẹ́ ọjọ́ kan?

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ọmọ tí yóò tọ́jú òbí rẹ̀ dé òpin. Àmín.